Ìyàwó Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin Tá A Gbé Lọ sí Òkè Bọ́lá

Ọjọ́ tí mo fi ìborùn ìyá mi we ajá, tí mo gbé e wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá, tí mo sọ fún èrò pé màmá mi àgbà ni, bí mo bá darúgbó tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, mi ò rò pé màá gbàgbé ọjọ́ yẹn. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe jẹ́ ná. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ tán, kẹ́ ẹ wá fi mí rẹ́rìn-ín bó ṣe wù yín.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà yẹn ni. Mo ti ṣe ìdánwò àṣewọlé yunifásítì, máàkì tí mo gbà sì jẹ́ irú èyí téèyàn kì í kà sókè níwájú àlejò. Torí náà mo wà nílé, lágboolé wa lẹ́yìn Mápó, mò ń jẹ, mò ń sùn, mò ń gba gbogbo ayé nímọ̀ràn. Iṣẹ́ dókítà ló wù mí ṣe. Ìdánwò ò tíì gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ti gbà fún ara mi.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tá a máa ń pè ní Bàbá Ọdẹ, ló ni ajá náà. Ìwàlẹwà lorúkọ ẹ̀. Ajá pupa ni, etí kan dúró, ìkejì wó sílẹ̀ bí ewé tí oòrùn pa. Ìyá ẹ̀ àti ìyá ìyá ẹ̀, ọwọ́ Bàbá Ọdẹ ni wọ́n dàgbà sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n kú sí. Bàbá Ọdẹ máa ń sọ pé ìran ajá yẹn ti ń bá wa jẹun tipẹ́, ó pẹ́ ju àwọn ẹbí wa míì tó ń pe ara wọn lẹ́bí lọ. Ìwàlẹwà nìkan ló wá ṣẹ́kù nínú gbogbo wọn. Orúnkún Bàbá Ọdẹ ti ń dùn wọ́n, igbó ti ń jìnnà sí wọn, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ṣì ń fẹ́ láyé yìí ni kí Ìwàlẹwà bí abo kan fún wọn kí ìran náà má parun. Wọn ò bèèrè mọ́tò, wọn ò bèèrè Mẹ́kà. Abo ajá kan péré.

Wọ́n wá ọkọ fún un. Òkè Bọ́lá ni ọkọ ọ̀hún wà, nílé Tíṣà. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni Tíṣà, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ẹni tó jẹ́ pé ojú àyọ́ọ̀nù ṣòkòtò wọn lè gé búrẹ́dì. Jẹ́nẹ́rà lorúkọ ajá wọn. Ó sanra, ó ń dán, ó sì máa ń wo èèyàn bí ẹni tó ń retí kéèyàn kọ́kọ́ kí òun. Ẹ ṣáà mọ̀ pé tí akọ ẹlòmíì bá gun abo ẹni, wọ́n máa ń fún ẹni tó ni akọ lọ́mọ kan tó wù ú nínú ohun tí wọ́n bá bí. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe àdéhùn ìyẹn ni Tíṣà ti rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ó dáa o, a ti dàna nìyẹn."

Àpárá ni Tíṣà ń dá. Ṣùgbọ́n ẹ má bá ọmọ Ìbàdàn dá àpárá àna. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Bàbá Ọdẹ ti ní kí n gbé iṣu lọ sílé àna. Tíṣà náà fi páálí ọṣẹ ránṣẹ́ padà. Nígbà tó yá, tí Tíṣà bá pe fóònù, Bàbá Ọdẹ a kọ́kọ́ dé fìlà kí wọ́n tó gbé e.

Lẹ́yìn tí ìyàwó ti ilé ọkọ dé, èmi ni wọ́n ní kí n máa tọ́jú ẹ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, mo rí i pé ó ń mu omi. Omi tí mo bá bù fún un láàárọ̀, kí n tó yíjú padà, ó ti lá a gbẹ. Ó ń sùn ṣáá. Oúnjẹ ò wù ú jẹ. Ikùn ẹ̀ sì ń yọ. Èmi dókítà káwọ́ sẹ́yìn, mo rìn yí i ká, mo ní oyún ni. Ṣebí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wà nínú oyún nígbà yẹn, òun náà ń sùn, òun náà ń kọ oúnjẹ. Ẹ̀rí wo ni mo tún ń wá?

Mo kéde ẹ̀ yí agboolé ká. Kíá, àwọn èèyàn ti ń tọrọ ọmọ. Mo ṣèlérí ọ̀kan fún ọkùnrin tó ń ta páànù ní Bẹẹrẹ. Mo ṣèlérí ọ̀kan fún ẹni tó ń tún fóònù ṣe l'Ọ́jà'ba. Mo tún ṣèlérí ọ̀kan fún ọmọbìnrin kan tí mi ò ní dárúkọ, torí mo fẹ́ kó máa wò mí bí ẹni tó lówó lọ́wọ́. Kó tó di pé mo sinmi ẹnu, ọmọ tí mo ti pín ti ju èyí tí ajá méjì lè bí lọ. Bẹ́ẹ̀ mo ń jí oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi nílé ìtọ́jú aláboyún, mò ń ki í bọ inú ẹja fún Ìwàlẹwà. Mo ní bí ìyàwó ilé kan bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀, ìkejì náà ò gbọdọ̀ ṣàì lò ó.

Ọ̀sán Sátidé kan, mo bá a tó ń lá ìdí ara ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Nǹkan kan ń jáde níbẹ̀, ó ki, àwọ̀ ẹ̀ dà bíi tẹ̀jẹ̀ tí wọ́n pò mọ́ ògì, ó sì ń rùn. Ẹlòmíì tó bá rí i, ẹ̀rù á bà á. Ẹ̀rù ò ba èmi. Mo ní omi ọmọ ti já.

Mo sáré tẹ́ àpò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo gbé omi gbígbóná ka iná, mo wá òwú, mo wá abẹ tuntun. Ẹ má bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi omi gbígbóná ṣe. Nínú fíìmù tí mo máa ń wò, wọ́n ṣáà máa ń gbé e wá ni. Àwọn ará ilé gbé àga jáde, wọ́n jókòó yí wa ká. Ẹnì kan ní kí n máa pe orúkọ ẹ̀ kó lè lókun. Ẹlòmíì ní kí n sọ fún un pé kó mí sínú. Èmi wá jókòó tì í, mò ń sọ fún un pé kó ti ọmọ síta, kó ti i, ó kù díẹ̀. Ìwàlẹwà kàn ń wò mí. Tó bá jẹ́ pé ajá lè sọ̀rọ̀ ni, ohun tí ì bá sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní lè kọ ọ́ síbí.

Ibi tá a wà nìyẹn tí Bàbá Ọdẹ fi wọlé. Wọ́n wo omi gbígbóná, wọ́n wo abẹ, wọ́n wò mí. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ìka kan ohun tó ń jáde, wọ́n gbé e sí imú.

"Èyí kì í ṣe omi ọmọ," ni wọ́n wí. "Ọyún ni, bíi ti egbò."

Bàbá Ọdẹ jókòó sórí àpò tó yẹ kí ìyàwó fi bímọ, wọ́n gbé orí Ìwàlẹwà lé itan. Nígbà tí wọ́n sì máa sọ̀rọ̀, ohùn wọn kéré. Wọ́n ní, "Tí èyí bá lọ báyìí, tàbí tí kò bá lè bímọ mọ́, ó parí nìyẹn."

Ẹ máa rò pé dókítà ẹran la máa sáré gbé e lọ bá. Ó ti o. Tí ìyàwó bá tilé ọkọ dé tí ara ẹ̀ ò yá, ìpàdé ẹbí la máa ń pè níbi tiwa. Àwọn àgbà mẹ́ta jókòó, wọ́n rò ó síwá, wọ́n rò ó sẹ́yìn. Wọ́n ní ara ọmọ wa dá ṣáṣá kó tó lọ sí Òkè Bọ́lá, Òkè Bọ́lá ló ti bọ̀ tó fi di báyìí, a jẹ́ pé ọkọ ló kó àrùn ràn án. Kò sí ẹni tó mi orí tó èmi níbẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: tó bá ti jẹ́ ẹ̀bi ọkọ, kì í ṣe ẹ̀bi dókítà nìyẹn. Wọ́n bá fẹnu kò pé ká gbé ìyàwó dìde, ká lọ fi han àna, kí wọ́n fojú ara wọn rí ohun tí ọmọ wọn ṣe. Bàbá Ọdẹ ló máa ṣáájú. Èmi tí mo kàwé ni màá ṣe alága ìdúró.

Wàhálà kan ló kù. Ọlọ́kadà ò ní gbé ajá, ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ Màrúwá náà ò ní gbé e. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n kan ti sọ sí mi lọ́kàn. Ìyá mi sá ìborùn funfun kan sórí okùn, èyí tí wọ́n máa ń lò lọ sí àsàlátù. Mo yọ́ ọ mú, mo fi we Ìwàlẹwà láti orí dé ìrù. Kò lágbára láti bá mi jà. Bàbá Ọdẹ wo ohun tí mò ń ṣe, wọ́n ní àwọn ò ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni o, tẹ́nikẹ́ni bá bi àwọn, àwọn á dákẹ́.

A rí kẹ̀kẹ́, a wọlé, mo gbé aláìsàn lé itan. Bí kẹ̀kẹ́ ṣe fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè Mápó, ìyá kan wọlé tì wá. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Wọ́n kí wa, wọ́n wo ohun tí mo gbé dání, wọ́n bèèrè ohun tó ń ṣe ìyá wa. Mo ní màmá mi àgbà ni, ibà ló dá wọn dùbúlẹ̀. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fọwọ́ kan ara ìborùn.

"Ara wọn mà gbóná o. Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà."

Mo ní àmín. Bàbá Ọdẹ ń wo òde.

"Wọ́n á ti tó ẹni ọdún mélòó báyìí?"

Kí n tó ronú, ẹnu mi ti dáhùn. "Mẹ́rin, mà."

Bàbá Ọdẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ìyá náà wò mí, wọ́n wo màmá mi ọlọ́dún mẹ́rin, wọ́n tún wò mí. Níbi tí mo ti ń wá bí màá ṣe tún un sọ ni kẹ̀kẹ́ ti kó sí kòtò, ìborùn yẹ̀, imú dúdú kan yọ síta. Imú ń wo ìyá, ìyá ń wo imú. Ẹ̀rù ò tiẹ̀ jẹ́ kí n mọ ohun tí mo lè ṣe, mo kàn fọwọ́ bo imú náà bí ẹni ń bo ìkòkò. Ìyá náà rọra fa aṣọ wọn kúrò lára tiwa, wọ́n wá fi sùúrù sọ fún ẹni tó ń wà wá pé, "Dẹ́rẹ́bà, jọ̀ọ́ dúró díẹ̀. Màmá wọn hu irun lẹ́nu."

Dẹ́rẹ́bà wo dígí, ó pa kẹ̀kẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Kò bínú. Ó kàn ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ìjókòó òun láàárọ̀ ni, ká máa bọ́ sílẹ̀. Bí a ṣe ń bọ́lẹ̀, ìyá náà ní ká bá àwọn kí màmá dáadáa.

A wá ń fi ẹsẹ̀ rìn. Bàbá Ọdẹ ò lè gbé e nítorí orúnkún, apá èmi náà kò pẹ́ tó fi rẹ̀. Mo bá bẹ̀rẹ̀, mo fi ìborùn kan náà pọ̀n ọ́n. Bí mo ṣe gba àárín Òkè Bọ́lá kọjá nìyẹn, géńdé ọkùnrin tó pọn ajá, tí orí ajá sinmi sí èjìká ẹ̀. Àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé wa. Mo ń dá wọn lóhùn nígbà àkọ́kọ́. Nígbà tó yá, mo kàn ń wo iwájú.

A bá Tíṣà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń mu tíì. Mo sọ ìyàwó kalẹ̀, mo tún ohùn mi ṣe, mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí mo ti há sórí láti ilé. Mo ní ẹ̀yin àna wa pàtàkì, a fún yín lọ́mọ tí ara ẹ̀ dá ṣáṣá, ẹ dá a padà fún wa pẹ̀lú àrùn, ẹ jọ̀ọ́ kí lẹ rí sí i. Tíṣà bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún fi sójú. Wọ́n pe Jẹ́nẹ́rà. Jẹ́nẹ́rà jáde, ó ń dán bíi bàtà ọjọ́ Ìsinmi, ó jókòó.

"Ó yá, yẹ̀ ẹ́ wò, ìwọ dókítà," ni Tíṣà wí. "Fi àrùn náà hàn mí."

Mo bẹ̀rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ẹ̀. Jẹ́nẹ́rà yíjú padà wò mí, ó sì rọra ṣí eyín kan. Mo nàró, mo ní mi ò rí nǹkan kan. Tíṣà wá kọjú sí Bàbá Ọdẹ. Wọ́n ní láti ìgbà tí ìyàwó ti padà sílé làwọn náà ti ń retí ìròyìn ayọ̀, tí àwọn ò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn ò pariwo pé ìyàwó yàgàn, ẹ̀yin wá jókòó sílé yín, ẹ ń sọ pé ọkọ lárùn. Bàbá Ọdẹ ní ta lẹ ń pè ní àgàn. Tíṣà ní ta lẹ ń pè ní alárùn. Àgbà méjì ti dìde dúró, ọ̀kan nínú wọn ti ń bọ́ fìlà, ìgbà yẹn ni ẹsẹ̀ Ìwàlẹwà kọ̀ tí kò gbé e dúró mọ́. Ó rọ sílẹ̀ lórí símẹ́ńtì Tíṣà tó ń kọ mànà, nǹkan tó ń jáde lára ẹ̀ sì ń ṣàn.

Àwọn méjèèjì sún mọ́ ọn. Tíṣà wò ó fún ìgbà díẹ̀.

"Àna," ni wọ́n sọ fún Bàbá Ọdẹ, "ọmọ yìí ò ní lè dúró de ìpàdé wa." Wọ́n wọlé lọ mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

Obìnrin ni dókítà ẹran tí Tíṣà gbé wa lọ bá, wọn ò dàgbà púpọ̀, wọ́n sì ní sùúrù. Wọ́n gbé Ìwàlẹwà sórí tábìlì, wọ́n tẹ ikùn ẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n bèèrè ìgbà tó wá akọ gbẹ̀yìn, wọ́n bèèrè bóyá ó ń mu omi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n wá bèèrè ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀. Bàbá Ọdẹ wò mí, Tíṣà wò mí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé Ìwàlẹwà náà wò mí.

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé ó lóyún?" ni dókítà bi mí.

"Ikùn ló yọ, mà."

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo ṣèèṣì wo ikùn Tíṣà, tí mo sì rí i pé ìmọ̀ mi ò jinlẹ̀. Dókítà bi mí bóyá mo fún un ní oògùn kankan. Mo jẹ́wọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀. Dókítà kọjú sí ògiri fún ìgbà díẹ̀, èjìká wọn ń mì.

Wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú ẹ̀. Kò sọ́mọ. Ilé ọmọ wú, ọyún ló kún inú ẹ̀. Bàbá Ọdẹ bèèrè bóyá ọkọ ló kó o ràn án. Dókítà ní rárá. Wọ́n ní tí ajá bá ń wá akọ, ilẹ̀kùn ilé ọmọ ẹ̀ máa ń ṣí, kòkòrò tó wà lára òun fúnra ẹ̀ lè gba ibẹ̀ gòkè. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé ọmọ á máa nípọn bí ẹni ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì de àlejò, yálà àlejò ń bọ̀ ni o tàbí kò bọ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì yẹn ni kòkòrò máa ń jókòó sí. Tíṣà wúkọ́ díẹ̀. Bàbá Ọdẹ ní, "Àna, ẹ má bínú." Tíṣà ní kò sí nǹkan kan.

Dókítà wá sọ pé ohun tó dájú jù ni kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, kí wọ́n yọ ilé ọmọ náà kúrò, torí àrùn yìí máa ń pa ajá. Bàbá Ọdẹ kàn ń fọwọ́ pa etí ajá náà, èyí tó wó yẹn. Mi ò mọ ohun tó gbé mi sọ̀rọ̀, èmi tó yẹ kí n ti dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, òun nìkan ló kù nínú ìran ẹ̀. Ṣé ẹ ò lè wò ó sàn kí ilé ọmọ ẹ̀ ṣì wà?"

Dókítà ronú sí i. Wọ́n ní nǹkan tó ṣe é láǹfààní ni pé ilẹ̀kùn ilé ọmọ ẹ̀ ṣí, ọyún ń rí ọ̀nà jáde, tó bá tì pa ni, àwọn ò ní jẹ́ ká sọ ọ́ rárá. Kò tíì darúgbó, ó sì tún lókun díẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ láti wo kíndìnrín ẹ̀, ìyẹn náà dáa. Wọ́n ní àwọn á gbìyànjú. Abẹ́rẹ́ kan wà tó máa ń jẹ́ kí ilé ọmọ fún ara ẹ̀ bí ẹni ń fún aṣọ, kí ọyún lè jáde, a ó máa gbé e wá lójoojúmọ́ kí wọ́n máa gún un, a ó sì tún máa fún un ní oògùn tó ń pa kòkòrò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó lè má ṣiṣẹ́. Ó lè ṣiṣẹ́ kí àrùn tún padà. Tí àìsàn ẹ̀ bá sì fi lè le sí i, iṣẹ́ abẹ ni lójú ẹsẹ̀, kò ní sí ìpàdé ẹbí. Bàbá Ọdẹ ní àwọn gbà.

Bí wọ́n ṣe fẹ́ fa abẹ́rẹ́ náà, nọ́ọ̀sì kan tó lóyún dìde, ó bọ́ síta. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní aláboyún ò gbọdọ̀ fara kan oògùn yẹn, ó lè ba oyún jẹ́. Ni èmi náà bá tẹ̀ lé e jáde. Ẹ má bi mí ohun tí mò ń dáàbò bò.

Ohun tó dùn mí ni pé ìta tí mo lọ yẹn, ìgbà yẹn gan-an ni dókítà ń ṣàlàyé ohun tí abẹ́rẹ́ náà máa ṣe. Èmi ò gbọ́. Wọ́n kàn gbé okùn ajá lé mi lọ́wọ́ pé kí n mú un rìn díẹ̀ nínú ọgbà. A ò tíì rìn jìnnà tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹ, itọ́ ń ṣàn lẹ́nu ẹ̀. Ó bì. Ó lóṣòó, ó yàgbẹ́. Ó tún bì. Ó wá nà gbalaja sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ti tán nìyẹn. Omi bọ́ lójú mi, mi ò purọ́ fún yín. Mo mú fóònù, mo kọ ọ́ sí gúrúùpù ẹbí wa pé, "Pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn ni mo fi ń kéde pé Ìwàlẹwà ti fi wá sílẹ̀. Ẹ bá Bàbá Ọdẹ kẹ́dùn." Mo tún fi àwòrán iná àbẹ́là sí i.

Mo ń nu imú lọ́wọ́ nígbà tí Bàbá Ọdẹ jáde, fóònù wà létí wọn, ohun tí wọ́n ń gbọ́ ò yé wọn.

"Wọ́n ní kí n gba kámú," ni wọ́n sọ fún mi. "Ta ló kú?"

Mo na ọwọ́ sí òkú. Òkú ti dìde dúró. Ó gbọn ara ẹ̀, ó wò mí, ó sì ń gbìyànjú láti lá itọ́ ara ẹ̀ nílẹ̀. Dókítà ní bó ṣe máa ń rí náà nìyẹn, kì í pẹ́ lọ, torí ẹ̀ làwọn ṣe ní kí n mú un rìn.

Nígbà tí mọ́tò Tíṣà máa fi gbé wa délé, àwọn ọdẹ ẹlẹgbẹ́ Bàbá Ọdẹ ti jókòó sí ojúlé, wọ́n fajú ro. Òkú fẹsẹ̀ ara ẹ̀ gba àárín wọn kọjá. Ìyá mi dúró sí ẹnu ọ̀nà, wọn ò wo ajá, ìborùn tó so mọ́ mi lọ́rùn ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní kí n fọ̀ ọ́ ní ìgbà méje, kí n fi yẹ̀pẹ̀ sí ọ̀kan nínú ẹ̀, bí ẹ̀sìn wa ṣe ní ká fọ ohun tí itọ́ ajá bá kàn. Mo fọ̀ ọ́. Nígbà tí mo fọ̀ ọ́ tán, wọ́n ní kí n máa mú un lọ, àwọn ò lè fi kírun mọ́.

Ojoojúmọ́ la ń lọ sọ́dọ̀ dókítà lẹ́yìn ìyẹn, mọ́tò Tíṣà ló ń gbé wa. Ohun tó ń jáde ń dín kù, ó ń mọ́ sí i. Ìwàlẹwà tún ń jẹun, ó tún ń jà fún egungun. Mo lọ bá àwọn tí mo ṣèlérí ọmọ fún lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní ká ṣì ní sùúrù. Ọmọbìnrin tí mi ò dárúkọ yẹn ní òun ti gba ológbò lọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Dókítà ti kìlọ̀ pé tó bá tún wá akọ, a ò gbọdọ̀ jẹ́ kó kọjá lásán, torí tí ilé ọmọ bá ṣófo, àrùn lè tún padà wá bá a. Ó yẹ kó bímọ kíákíá, lẹ́yìn ìyẹn ká wá jẹ́ kí wọ́n yọ ilé ọmọ náà, kó lè sinmi. Nígbà tí àkókò tó, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ná, wọ́n ní ó dáa. A tún mú un lọ sí Òkè Bọ́lá. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ikùn ẹ̀ yọ, mi ò rí i. Wọ́n fi ẹ̀rọ wò ó, dókítà ní ọmọ wà níbẹ̀, mo ní ẹ ṣeun, mà.

Ọjọ́ tó máa bímọ, wọ́n lé mi kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èmi àti Tíṣà la jókòó síta bí àwọn ọkùnrin tí ìyàwó wọn ń rọbí, Tíṣà ń mu tíì tí wọ́n gbé láti ilé, èmi ń jẹ èékánná. Nígbà tó pẹ́, Bàbá Ọdẹ jáde, wọ́n di nǹkan kékeré kan mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Abo ni. Ó pupa, ojú ẹ̀ ò tíì là, ó ń wá ọmú lára ìka wọn. Àwọn yòókù wà nínú ilé, akọ ni gbogbo wọn. Bàbá Ọdẹ kàn gbé e fún mi.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ò pọ̀. Kì í ṣe gbogbo ikùn tó bá yọ lọmọ wà nínú ẹ̀, ohun téèyàn ò bá sì mọ̀, kó tètè lọ bèèrè kó tó pe ìpàdé. Mo gbé ọmọ náà dání, ó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ mi, nǹkan kan tó lọ́wọ́ọ́wọ́ sì ń ṣàn sí àyà ṣẹ́ẹ̀tì mi. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ wò mí láti orí awò ojú wọn.

"Dókítà, kí lo rí sí i?"

Mo wo ṣẹ́ẹ̀tì mi, mo wo ọmọ. Mo ní mi ò rí nǹkan kan o, sà, ẹ jẹ́ ká pe dókítà. Bàbá Ọdẹ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Kí n tó mọ̀, èmi náà ti ń fi ara mi rẹ́rìn-ín.